Akèrègbè Tó Wà Lẹ́yìn Àwọn Ọmọdé

Bí o bá dúró ní Òkè-Ìlá ní Adó nígbà náà, tí o bi àwọn ènìyàn pé kí ló dé tí àwọn ọmọbìnrin fi ń fi ilé ìwé sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan bí ewé tí ọyẹ́ ń já, kò sí ẹni tí kò ní ìdáhùn lẹ́nu. Àlùfáà ìjọ ní ayé ló ń fà wọ́n. Àwọn bàbá ní ìwé kì í bá orí obìnrin mu. Àwọn ìyá ní ẹnu tíṣà ló le jù. Mọ̀dínátù tó ń ta obì lẹ́bàá ọ̀nà, tí kò rán ọmọ kankan lọ síbẹ̀ rí, ní òun ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, pé ọmọ tí a bá ní kó jókòó sójú kan láti òwúrọ̀ títí di ọ̀sán, bí kò bá sá lọ, àìsàn ló ń ṣe é.

Kò sí ẹni tó dárúkọ omi nínú gbogbo wọn.

Àtinúkẹ́ náà kò dárúkọ rẹ̀. Ìdí òfì ló máa ń wà láti àárọ̀, níbi tó ti ń hun kíjìpá, tí ẹ̀yìn rẹ̀ kọ sí ẹnu ọ̀nà. Ohun tó mọ̀ ni pé Rẹ̀mílẹ́kún, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, máa ń gbé ìkòkò kúrò nílé nígbà tí ilẹ̀ kò tíì mọ́ tán, àti pé kó tó padà dé, agogo ilé ìwé á ti lù, á sì ti dákẹ́. Ọmọ náà á sọ ìkòkò kalẹ̀, á bọ́jú, á sáré jáde. Lọ́sàn-án, nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bá ń darí bọ̀ tí ìwé kíkọ kún síléètì wọn, tirẹ̀ á mọ́ fóńfó bí àwo tí ajá lá.

"Ibo lo dúró sí láàárọ̀?"

"Ibi omi ni, ìyá."

"Kí lo ń ṣe níbi omi?"

"Omi ni mò ń pọn."

Kí ni ènìyàn fẹ́ fi irú ìdáhùn bẹ́ẹ̀ ṣe? Àtinúkẹ́ mọ ọmọ rẹ̀. Rẹ̀mílẹ́kún a máa dúró wo ìjàlọ tó ń rékọjá ọ̀nà títí èyí tó kẹ́yìn nínú wọn á fi kọjá. Ó gbà pé eré ló ń dá a dúró lọ́nà.

Orúkọ ọmọ náà kì í ṣe orúkọ lásán. Àwọn tó ṣáájú rẹ̀ kò dúró. Nígbà tí èyí wá dúró, Àtinúkẹ́ sọ nínú ọkàn rẹ̀ pé ohun tí òun kò ní, òun á fún un. Òun kò mọ ìwé. Bí wọ́n bá ń kọ orin nínú ìjọ, etí ló fi ń gbà á, ibi tí kò bá gbọ́ dáadáa, á fi imú kùn ún kọjá. Ṣùgbọ́n ní ìgbà òjò tó kọjá, tíṣà máa ń jẹ́ kí ọmọ tó bá kàwé dáadáa lójúmọ́ gbé ìwé kíkà lọ sílé di ọjọ́ kejì, Rẹ̀mílẹ́kún ló sì máa ń gbé e. Lálẹ́, á jókòó ti òfì, á máa ka ìtàn ọmọbìnrin kan tó fi ilé sílẹ̀ láti lọ wo ibi tí oòrùn ń sùn sí. Òwú á máa lọ, á máa bọ̀, ọmọbìnrin inú ìwé á máa rìn. Ìdí òkè kejì ló wà nígbà tí òjò dá. Láti ìgbà náà, ìwé kò wọ ilé mọ́, nítorí wọn kì í fún ẹni tó ń pẹ́ dé. Àtinúkẹ́ kò sọ fún ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n nígbà mìíràn tó bá ń hun aṣọ, á bi ara rẹ̀ pé ṣé ọmọ yẹn ti gun òkè náà, àbí ó ṣì jókòó sí ìdí rẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, Bámgbóyè ọkọ rẹ̀ ti oko dé, ó fi àdá rọ̀ sára ògiri, ó ní, "Ìyá Rẹ̀mí, ó tó gẹ́ẹ́. Tíṣà tún bá mi lójú ọ̀nà."

"Kí ló wí?"

"Kí ni kì í wí? Ó ní ọmọ wa kì í dé lásìkò."

"Kò ṣáà sọ pé olódo ni."

"Ẹni tí kì í dé ibi tí wọ́n ti ń pín ọgbọ́n, kí la ó máa pè é? Ọlọ́gbọ́n?" Ó jókòó. Kò bínú, ó ti rẹ̀ ẹ́ ni. "Wò ó, Adéfúnkẹ́ àbúrò mi ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ ní Igbemo, kò rí ẹni bá a gbé ọmọ pọ̀n. Ó ń bọ̀ wá ná ọjà Adó tó ń bọ̀ yìí. Bí Rẹ̀mí bá tún pẹ́ kó tó dé, kó tẹ̀lé e lọ. Ọmọ tó ń ṣe ìdajì iṣẹ́ ilé, tó ń ṣe ìdajì ìwé, kò ní mọ ọ̀kankan."

Àtinúkẹ́ yíjú padà sí òfì. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. Ní ẹ̀yìn ilé, Rẹ̀mílẹ́kún tó ń lọ ata ti dá ọwọ́ dúró lórí ọlọ.

Lọ́jọ́ kejì, Tíṣà Ọlátúbọ̀sún fúnra rẹ̀ yà sí ilé wọn. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ga, tí bàtà rẹ̀ máa ń dún kí ó tó dé. Ó ti pẹ́ díẹ̀ ní Adó, síbẹ̀ bí àwọn ọmọ bá ń pe ilé ní ulé, tí wọ́n ń pe ìwé ní ùwé, ojú rẹ̀ ṣì máa ń rẹ́rìn-ín.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Ìyá Rẹ̀mí. Ẹ̀bẹ̀ ni mo wá bẹ̀ o. Wọ́n ní ẹ fẹ́ mú ọmọ yìí lọ sí Igbemo."

"Bàbá rẹ̀ ló wí bẹ́ẹ̀."

"Ọmọ náà gbọ́n. Lọ́jọ́ tó bá tètè dé, ńṣe ló máa ń kàwé bí ẹni ń mumi. Ṣùgbọ́n kì í dé. Àyọ̀kẹ́ náà, bó ṣe ṣe nìyẹn kí wọ́n tó fi í fọ́kọ ní Ìkẹ́rẹ́. Monínúọlá náà, ibi tí wọ́n ti ń ṣe epo ni ìyá rẹ̀ mú un lọ báyìí. Kí ni mo ṣe fún wọn? Pàṣán, mo ti fi í sílẹ̀."

"Kí lẹ wá ń ṣe fún ẹni tó bá pẹ́?"

"Iṣẹ́ ni mò ń fún wọn. Iṣẹ́ gidi, tó wúlò. Mo máa ń ní kí wọ́n lọ pọn omi kún àmù ilé ìwé."

Àtinúkẹ́ yíjú kúrò lára òfì, ó wò ó.

"Níbo?"

"Omi Ẹ̀rọ̀ náà ni. Ṣé ibòmíràn wà tí kò gbẹ?"

"Tíṣà, ọmọ tó pẹ́ níbi omi, ibi omi lẹ tún ń rán an lọ?"

Tíṣà fọwọ́ ra orí. "Ó... ó ṣáà ti mọ ọ̀nà ibẹ̀."

"Ẹ má pa mí lẹ́rìn-ín o, Tíṣà. Inú ló ń bí mi."

Bó ti lọ tán, Àtinúkẹ́ jókòó pẹ̀lú òwú lọ́wọ́, kò hun nǹkan. Ibi omi. Ọmọ náà kò parọ́ nígbà náà. Ṣùgbọ́n kí ló wà níbi omi tó ń gba àárọ̀ mọ́ ọmọ lọ́wọ́? Ó pinnu láti fi ojú ara rẹ̀ rí i.

Ní òwúrọ̀, bí Rẹ̀mílẹ́kún ti jáde, Àtinúkẹ́ gbé ògì kaná, ó jẹ́ kó lọ síwájú díẹ̀, kí ó lè ká a mọ́ ibi tó bá ti ń ṣeré. Ó mú ìkòkò kékeré kan dání kí wọ́n má baà sọ pé ó wá ṣọ́ni. Kùrukùru ọyẹ́ bo ọ̀nà bámúbámú. Ohùn àwọn obìnrin ló kọ́kọ́ gbọ́ kí ó tó rí ẹnikẹ́ni.

"Ta nìyí? Ìyá Rẹ̀mí!" Mọ̀dínátù ni. "Òfì lé ọ jáde lónìí?"

"Òùngbẹ ń gbẹ ẹ́, ó ní kí n wá bu omi wá."

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Omi Ẹ̀rọ̀ ń sun wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ láàárín àpáta méjì, bí ọ̀rọ̀ ẹni tí kò fẹ́ràn àtisọ̀rọ̀. Bí o bá gbé igbá sí i, kí ó tó kún, o lè sọ ìtàn kan. Àwọn ìkòkò tò láti ẹnu rẹ̀ wá sílẹ̀, ti àgbà níwájú, ti ọmọdé lẹ́yìn. Kò sí ẹni tó ṣòfin rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe bá a. Ọmọdé kì í bu omi kí àgbà dúró máa wò ó.

Àtinúkẹ́ wo ọ̀tún, ó wo òsì, kò rí ọmọ rẹ̀ nínú kùrukùru. Ó wá rántí ògì orí iná. Ẹsẹ̀ rẹ̀ gbé e lọ síbi tí ìkòkò àgbà pin sí, ó na ọwọ́, ó ti ìkòkò ọmọdé tó ṣíwájú sẹ́yìn díẹ̀, ó sì gbé tirẹ̀ sí àyè rẹ̀.

"Ọmọ mi, jẹ́ kí n bu díẹ̀. Mo gbé nǹkan kaná."

"Ẹ bu, ìyá," ni ohùn kékeré kan wí láti ilẹ̀, bí ẹni tó ti wí i títí tó fi di orin.

Ọwọ́ Àtinúkẹ́ kò tíì kúrò lára ìkòkò náà, ọwọ́ rẹ̀ ló sì kọ́kọ́ mọ̀. Ẹnu ìkòkò náà ti ya níbì kan, níbi tí òun fúnra rẹ̀ fi gbá ògiri lọ́dún Kérésì. Ìkòkò ilé rẹ̀ ni. Ohùn náà, ohùn ọmọ rẹ̀ ni.

"Rẹ̀mí?"

Ọmọ náà gbójú sókè. Ó ti fi aṣọ wé orí wé etí nítorí òtútù, imú nìkan ló yọ síta. "Ìyá! Kí lẹ wá ṣe?" Ó wo ìkòkò méjèèjì. "Ẹ máa bu tiyín. Mo lè dúró."

"Ìgbà wo lo ti dé ibí?"

"Èmi ni mo kọ́kọ́ dé. Omi kò tíì kún igbá kan tí Ìyá Ọmọ́níyì fi dé, mo gbà wọ́n láyè. Lẹ́yìn náà, àwọn ìyá yòókù dé."

"Kí ló dé tí o kò sọ fún mi láti ọjọ́ yìí?"

Ọ̀rọ̀ náà ya ọmọ náà lẹ́nu. "Kí ni kí n sọ? Ẹ̀yin lẹ ní kí n máa fún àgbà láyè."

Àtinúkẹ́ gbé ìkòkò rẹ̀ kúrò, ó fà sẹ́yìn, ó jókòó lórí òkúta. Ó ń wò. Obìnrin kan dé, ó rọra ti ìkòkò Rẹ̀mílẹ́kún sẹ́yìn. "O ṣeun, ọmọ dáadáa. Wàá dàgbà." Òmíràn dé. "Olúwa á bù kún ọ." Òmíràn tún dé, ó ní Rẹ̀mílẹ́kún náà á bí ọmọ tí yóò gbà á láyè. Àdúrà pọ̀ lórí Rẹ̀mílẹ́kún àti àwọn ọmọ tó kù; omi ni kò sí nínú ìkòkò wọn.

Níbi tí wọ́n wà yẹn ni agogo ilé ìwé ti lù láti òkèèrè. Àwọn ọmọ tó lóṣòó sílẹ̀ yí orí síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Nígbà tó dákẹ́, wọ́n yí orí padà.

Orí yíyí yẹn ni Àtinúkẹ́ kò lè fara dà. Ó dìde. "Ẹ̀yin ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ta ló kọjá àwọn ọmọ wọ̀nyí láàárọ̀ yìí?"

"Èmi?" Mọ̀dínátù fọwọ́ sáyà. "Ọmọ kan ni mo kọjá! Àyè kan péré!"

"Èmi náà, àyè kan."

"Kan lèmi náà."

Ó ń lọ láti ẹnu dé ẹnu bí àmín nínú ṣọ́ọ̀ṣì.

"Èmi náà, àyè kan ni," ni Àtinúkẹ́ wí. "Ọmọ mi ni mo kọjá. Ọwọ́ mi ni mo fi ti ìkòkò ilé mi sẹ́yìn. Àyè kan kan tí olúkúlùkù wa ń gbà yìí ló ń kó wọn kúrò ní ilé ìwé. Bó bá di ọjà tó ń bọ̀, tèmi náà ń lọ sí Igbemo nìyẹn."

Ìyá Ọmọ́níyì, tó jẹ́ pé ìkòkò rẹ̀ ló wà ní ẹnu omi, ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Ó dùn wá o. Ṣùgbọ́n kí lo wá fẹ́ ká ṣe? Kí ọmọdé ṣíwájú wa, kí a dúró máa wo ìpàkọ́ wọn? Ṣé ohun tí wọ́n ń kọ́ wọn níbẹ̀ nìyẹn?"

"Mi ò wí bẹ́ẹ̀."

"Kí lo wá wí?"

Àtinúkẹ́ kò mọ̀. Ó mọ ibi tó ń dùn ún, kò mọ oògùn rẹ̀. Òun náà kò lè la ẹnu sọ pé kí ọmọdé kọjá àgbà. Wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ lé ara wọn lórí nígbà tí ọ̀pá kan ń ró kọ́, kọ́, kọ́ bọ̀ láti ojú ọ̀nà.

"Ẹ yà fún Ìyá o!"

Ìyá Ọmọ́ṣẹ̀yìndé ni, òun ló dàgbà jù ní gbogbo àdúgbò náà. Kò lè gbé ìkòkò mọ́. Akèrègbè kékeré ló ń fi pọnmi, bó bá sì dé, ẹnu omi ló máa ń lọ tààrà, kódà kí ẹni tó ń bu omi ti bu ìdajì. "Kí lẹ ń jà lé lórí?" ló bi wọ́n. "Mo gbọ́ ohùn yín láti ẹ̀yìnkùlé mi, mo rò pé ejò ni."

Wọ́n rò fún un. Ó gbọ́ ti Àtinúkẹ́, ó gbọ́ ti Ìyá Ọmọ́níyì, ó mi orí sí méjèèjì. Lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Ó kọjá ẹnu omi, ó kọjá ìkòkò àwọn ìyá, ó kọjá ti àwọn ọmọ, ó dé ìdí ìkòkò tó kẹ́yìn, ó bẹ̀rẹ̀, ó sì gbé akèrègbè rẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀.

"Ìyá, iwájú ni tiyín!"

"Mo mọ̀. Ẹ̀yìn ló wù mí lónìí." Ó jókòó, ó na ẹsẹ̀. "Kí ni mò ń sáré lọ ṣe nílé? Eyín tí mo ń fi jẹun ti lọ ṣáájú mi. Ẹni tó bá jù mí lọ, kó kọjá mi."

Àwọn obìnrin wo ara wọn. Ta ló fẹ́ bu omi kí Ìyá Ọmọ́ṣẹ̀yìndé dúró máa wò ó? Ìyá Ọmọ́níyì ló kọ́kọ́ gbé ìkòkò rẹ̀ tó ti kún dé ọrùn, ó lọ gbé e sẹ́yìn akèrègbè. Èkejì rẹ̀ tẹ̀lé e. Nígbà tó yá, gbogbo wọn ti wà lẹ́yìn, ìkòkò àwọn ọmọdé nìkan ló kù níwájú. Mọ̀dínátù ló lọ kẹ́yìn, ó ń kùn. "Ẹ wo bí arúgbó yìí ṣe dè wá láìlo okùn."

"Mọ̀dínátù, kí lo wí?"

"Mo ní ẹ ó pẹ́ fún wa, Ìyá."

"Àmín."

Rẹ̀mílẹ́kún kò dìde. Ó ń wo ojú ìyá rẹ̀. "Ṣé kí n bu?"

"Bu omi, ọmọ mi. Bu ú."

Lọ́jọ́ náà ó pẹ́ dé ilé ìwé, ṣùgbọ́n wọn kò dá a padà sí ibi omi. Tíṣà Ọlátúbọ̀sún kò sùn dáadáa lẹ́yìn ọ̀rọ̀ Àtinúkẹ́. Òun fúnra rẹ̀ ló fi garawa pọn omi sínú àmù ní ìrọ̀lẹ́, àwọn ènìyàn dúró lójú ọ̀nà láti wo tíṣà tó ń ru omi, tí omi ń da sí i lára, tó ń kí gbogbo ènìyàn bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀.

Láti ọjọ́ kejì lọ, akèrègbè kan máa ń wà lẹ́yìn ìkòkò àwọn ọmọdé ní Omi Ẹ̀rọ̀. Nígbà tí ọyẹ́ mú orúnkún Ìyá Ọmọ́ṣẹ̀yìndé, akèrègbè náà nìkan ló ń fi ránṣẹ́. Ó ní ẹni tó bá kọjá rẹ̀ ti kọjá òun. Kò sí ẹni tó kọjá rẹ̀. Tíṣà lọ bẹ ìyá Monínúọlá níbi epo, ọmọ náà padà wá pẹ̀lú epo ní èékánná. Ti Àyọ̀kẹ́ ló ti bọ́. Ó ti wà nílé ọkọ, Rẹ̀mílẹ́kún sì bi ìyá rẹ̀ pé ṣé wọn kò lè gbé akèrègbè lọ sí Ìkẹ́rẹ́ náà.

Ọjọ́ ọjà pé. Adéfúnkẹ́ ti Igbemo dé pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn àti agbọ̀n ata lórí.

"Ìyàwó, ẹ kú ilé o! Ọmọ mi dà? Ṣé ó ti di ẹrù rẹ̀?"

"Adúmáadán, ẹ káàbọ̀," ni Àtinúkẹ́ wí, orúkọ tó fún un láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé òun wọlé bí ìyàwó. Ó wo ọkọ rẹ̀.

Bámgbóyè ń pọ́n àdá lọ́wọ́. Láàárọ̀ yẹn, ní ọ̀nà oko, agogo ilé ìwé lù nígbà tó ń kọjá, ó sì dúró lẹ́yìn igi kan, àgbà ọkùnrin, ó ń yọjú bí olè. Ó rí Rẹ̀mílẹ́kún lórí ìlà, ẹsẹ̀ rẹ̀ gbẹ, síléètì rẹ̀ wà láyà. Kí agogo tó lù ni ọmọ náà ti dé. Bámgbóyè padà wá sílé nítorí ó gbàgbé oúnjẹ rẹ̀, ó kéré tán, ohun tó wí nìyẹn.

"Ó wà ní ulé-ùwé," ló wí nígbẹ̀yìn. "Àbúrò mi, má bínú. Ọmọ náà ń tètè dé báyìí. Mo ní bó bá pẹ́ ni. Kò pẹ́."

"Háà! Ta ni yóò wá bá mi gbé èyí?" Adéfúnkẹ́ mú ojú le, ṣùgbọ́n nígbà tí Àtinúkẹ́ bu omi tútù fún un, ó mu ún tán, ó tún gba òmíràn, wọ́n sì rò fún un bí omi náà ṣe dé ilé. Ó gbé igbá kalẹ̀. "Níbi omi tiwa náà, àyè kan péré lèmi náà máa ń gbà," ló wí. Nígbà tó ń lọ, iṣu ló rù lọ dípò Rẹ̀mí, ó sì ń bú wọn títí tó fi yà ní ìkóríta, pé àwọn ará Adó ti fi omi rà á.

Àtinúkẹ́ jókòó ti òfì. Kò mọ̀ pé òun ti ń di èjìká mú láti ọjọ́ yìí wá àfìgbà tí èjìká náà wálẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́, Rẹ̀mílẹ́kún wọlé, ìwé kíkà wà lábẹ́ abíyá rẹ̀. Ó jókòó síbi tó máa ń jókòó sí, ó tan fìtílà, ó ṣí ìwé, ó sì ń fi ìka wá ibi tí wọ́n dé.

"Ìdí òkè kejì ni," ni ìyá rẹ̀ wí.

Ọmọ náà kà. Ọmọbìnrin náà gun òkè kejì, ó gun ẹ̀kẹta, ó dé etí òkun, ó sì bá arúgbó kan tó ń tún àwọ̀n ṣe. Ó bi í pé níbo ni oòrùn ń sùn sí. Arúgbó náà ní oòrùn kì í sùn, pé bó bá kúrò níbí, ilẹ̀ àwọn ẹlòmíràn ló ń mọ́. Ọmọbìnrin náà dúpẹ́, ó sì yí padà sílé. Ìtàn náà parí.

Òwú dúró lọ́wọ́ Àtinúkẹ́. "Ó tán?"

"Ó tán."

"Ohun tí mo ti ń dúró dè láti ìgbà òjò nìyí? Ó rin gbogbo ọ̀nà yẹn, kò rí i?"

Bámgbóyè bú sẹ́rìn-ín níbi tó dùbúlẹ̀ sí, bẹ́ẹ̀ wọ́n rò pé ó ti sùn. Rẹ̀mílẹ́kún náà rẹ́rìn-ín. Ó ṣí ìwé sí ojú ewé tó tẹ̀lé e. "Òmíràn wà níwájú, ìyá. Ṣùgbọ́n a kò tíì dé ibẹ̀. Lọ́la ni Tíṣà ní àwọn máa bẹ̀rẹ̀ rẹ̀."

"Lọ́la kùtùkùtù?"

"Bí agogo bá ti lù."

"Lọ sùn nígbà náà," ni Àtinúkẹ́ wí, ó sì fa òwú náà kọjá.